Bí A Ṣe Ń Gba Àṣẹ Lórí Ogún ní Kọ́ọ̀tù Harris County, Texas

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston, àwọn tó sì ti ra ilé síbẹ̀ kò kéré. Tí onílé bá wá di olóògbé, ẹbí á sin òkú, wọ́n á ṣèpàdé, wọ́n á fẹnu kò pé kí ìyàwó máa gbé inú ilé, kí àkọ́bí gba ọkọ̀. Ìpàdé yẹn dára, ó ń dín ìjà kù. Ṣùgbọ́n báǹkì kò ní torí ìpàdé ẹbí san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilé náà lọ́la kò ní gbà á. Ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí ni wọ́n máa béèrè. Ní Harris County, níbi tí Houston wà, àwọn kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń pè ní probate court ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ogún, ọ́fíìsì County Clerk, akọ̀wé county náà, ló sì ń gba ìwé wọlé.

Ẹ yọ ohun tí kò kan kọ́ọ̀tù sọ́tọ̀

Kì í ṣe gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ló ń gba kọ́ọ̀tù kọjá. Ìwé insurance tó ti dárúkọ ẹni tí wọ́n máa sanwó fún, owó 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì láti ibi iṣẹ́, tó dárúkọ bẹ́ẹ̀, àkáǹtì tí èèyàn méjì jọ ní pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló ni ín: ìwé ẹ̀rí ikú àti fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ náà ti tó. Láti ọdún 2015, òfin Texas gba onílé láàyè láti ṣe ìwé transfer on death deed, tí ilé á fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó dárúkọ, tó bá ti fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ County Clerk kó tó kú. Ẹ ka àwọn ìwé wọ̀nyí fínnífínní ná. Nígbà míì, ohun tó bá ṣẹ́ kù kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú tó ní òǹtẹ̀ ìjọba tó pọ̀ díẹ̀, torí iléeṣẹ́ púpọ̀ ló máa fẹ́ tiwọn.

Ǹjẹ́ ìwé ìhágún (will) wà?

Ojúlówó rẹ̀ ni kọ́ọ̀tù ń fẹ́, kì í ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e fún clerk, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tú pínnì ara rẹ̀, ẹ má kọ ohunkóhun sí i. Tó bá sọnù, ọ̀nà ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣàlàyé fún adájọ́ bó ṣe sọnù, ẹ ó sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn.

Ìwé tí olóògbé fọwọ́ sí, tí ẹlẹ́rìí méjì tó ti pé ọmọ ọdún 14 ó kéré tán sì fọwọ́ sí níwájú rẹ̀, dúró lábẹ́ òfin. Èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀ dúró bákan náà, kódà láìsí ẹlẹ́rìí. Tí ìwé ìbúra tí wọ́n ń pè ní self-proving affidavit bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kò ní láti wá àwọn ẹlẹ́rìí yẹn kiri.

Ọdún 4 láti ọjọ́ ikú ni òfin fún yín láti gbé ìwé ìhágún lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi hàn pé kì í ṣe àìbìkítà yín ló fà á, ohun tí ẹ sì lè rí gbà á dín kù. Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Owó orí ilé kò mọ̀ pé onílé ti kú, ọdọọdún ló ń dé.

Tí ìwé ìhágún bá wà, tí olóògbé kò sì jẹ gbèsè kankan ju owó tí wọ́n fi ilé yá, ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní muniment of title lọ́wọ́ lọ́yà. Adájọ́ á gba ìwé náà wọlé, ìwé náà fúnra rẹ̀ á sì gbé ilé fún ẹni tó ni ín, láìyan ẹnikẹ́ni ní executor, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ogún. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni èyí bá mu tí wọn kò sì mọ̀ pé ó wà.

Tí kò bá sí ìwé ìhágún

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń le fún wa. Tí ohun ìní bá kéré, tí kò kọjá $75,000 yàtọ̀ sí ilé tí olóògbé ń gbé àti àwọn ẹrù tí òfin yọ sílẹ̀, tí ó sì ju gbèsè rẹ̀ lọ, ẹ lè lo small estate affidavit, ìwé ìbúra fún ogún kékeré, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó kú. Gbogbo ajogún á fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní pín nínú ogún á sì búra. Ní ti ilé, èyí tí olóògbé ń gbé nìkan ni ìwé yìí lè mú kọjá, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà ló sì lè gbà á.

Tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu àwọn tó jẹ́ ajogún. Wọ́n á fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn, adájọ́ á yan lọ́yà mìíràn, attorney ad litem, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá àwọn ajogún tí a kò mọ̀, àtinú ogún ni wọ́n sì sábà máa ń san owó rẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tó mọ ìdílé náà, tí kò ní jẹ nínú ogún, á wá jẹ́rìí.

Gbogbo ọmọ ni ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ: èyí tó wà ní Houston, èyí tó wà ní Ìjẹ̀bú, èyí tí bàbá bí kó tó gbéra nílé, èyí tí ìyàwó kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Abẹ́ ìbúra ni ẹ wà. Ìgbéyàwó tó ṣe nílé pẹ̀lú, tí kò bá sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún lọ́yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ó lè da èyí tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ rú.

Bí òfin ṣe ń pín in kò jọ ti ilé wa. Ìdí-igi, níbi tí a ti ń ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀ka kan, kò sí ní Texas. Tí gbogbo ọmọ olóògbé bá jẹ́ ti òun àti ìyàwó tó kù, ìyàwó ló gba gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì jọ ní nínú ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n tí ọmọ kan péré bá wà níta, ìdajì tó jẹ́ ti olóògbé nínú ohun àjọní náà di ti àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́gbọọgba. Ìyẹn ni pé ìyá lè máa bá ọmọ tí kò rí rí jọ ni ilé tó ń gbé. Ẹ jẹ́ kí ẹbí gbọ́ èyí kí inú tó bàjẹ́ ní kọ́ọ̀tù.

Ọjọ́ kọ́ọ̀tù

Ẹni tó fẹ́ ṣe executor nílò lọ́yà, torí ohun àwọn ẹlòmíràn ló fẹ́ ṣojú fún. Tí kò bá gbé ní Texas, á yan aṣojú kan tó ń gbé níbẹ̀.

Ẹ wo orúkọ dáadáa kí ìwé tó wọlé. Tiwa máa ń pọ̀: orúkọ àárín ló fi ra ilé, orúkọ ọkọ ló wà lórí àkáǹtì, orúkọ bàbá ló wà nínú ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, kí àṣẹ adájọ́ lè kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Fún ìwé ìhágún, clerk á lẹ ìkéde mọ́ kọ́ọ̀tù. Adájọ́ kò lè gbọ́ ọ títí di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ 10 lẹ́yìn ìyẹn. Tí kò bá sí ẹni tó ń jà, ìgbẹ́jọ́ náà kì í pẹ́. Executor á búra láàárín ọjọ́ 20, á sì gba letters testamentary, ìwé àṣẹ tó fi hàn pé òun ló ń ṣojú ogún náà. Ẹ gba ju ẹyọ kan lọ, ẹ má sì gbà wọ́n jù sílẹ̀, torí báǹkì máa ń fẹ́ èyí tí déètì rẹ̀ kò tíì pẹ́.

Lẹ́yìn àṣẹ

Executor á gba EIN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ogún náà mọ̀ fún owó orí, lọ́wọ́ IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, á ṣí àkáǹtì fún ogún náà, kò ní da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Láàárín oṣù kan á kéde fún àwọn olówó gbèsè nínú ìwé ìròyìn. Láàárín oṣù méjì á kọ̀wé sí àwọn olówó gbèsè tí olóògbé fi ohun ìní dúró fún gbèsè wọn, bíi báǹkì tó yá a lówó ilé. Láàárín ọjọ́ 60 á fi tó àwọn tí ìwé ìhágún dárúkọ létí. Láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn ìbúra, á fi àkọsílẹ̀ gbogbo ohun ìní ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀tù, àfi tí òfin bá gbà kó fi ìwé ìbúra rọ́pò rẹ̀.

Ẹ san gbèsè kí ẹ tó pín. Ẹ má sì fi owó àpò ara yín san gbèsè olóògbé nítorí pé ẹnì kan ń pè yín lórí fóònù. Inú ogún ni ó ti ń jáde.

Ilé tó wà ní Ìbàdàn kò sí nínú gbogbo èyí. Kọ́ọ̀tù Houston kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Probate registry, ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ogún, ti High Court ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ máa lọ. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìhágún àti àṣẹ adájọ́ tí clerk fi òǹtẹ̀ lù, kí ẹ sì bi lọ́yà yín nílé irú ìfọwọ́sí tí wọ́n ń fẹ́ lórí wọn.