Aṣọ tí a kò rán: bí mo ṣe kọ ìtàn Margarete Bieber ní Yorùbá

Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ ìtàn tí kò ju ojú ìwé mẹ́fà lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé ló bẹ̀ mí níṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe eré Gíríìsì àtijọ́ kan, ó sì fẹ́ kí n kọ ìtàn ẹnì kan tó mọ̀ nípa aṣọ àti ibi ìṣeré àwọn Gíríìsì dunjú, ní Yorùbá tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè kà sókè láì kọsẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ẹni tí màá kọ nípa rẹ̀: Margarete Bieber, ọmọ Jámánì.

Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Awalẹ̀pìtàn ni a ń pe àwọn oníṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn lẹ́nu. Àmọ́ iṣẹ́ Bieber kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Iwájú ère òkúta, ère idẹ àti ìkòkò tí wọ́n ya àwòrán sí ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, nínú mùsíọ́mù, níbi tó ti ń wo bí aṣọ ṣe ṣẹ́po lára ère. Mo fi awalẹ̀pìtàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí òun ni àwọn ọmọ mọ̀, mo sì fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn pé ojú ló fi ń wa ilẹ̀ tirẹ̀.

Ìlú tí wọ́n ti bí i náà fẹ́ dà mí láàmú. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1879 ni wọ́n bí i ní Schönau, lẹ́bàá ìlú Schwetz, sínú ilé Júù. Prussia, ìjọba tó tóbi jù lọ nínú Jámánì, ló ni ibẹ̀ nígbà náà. Lónìí, Poland ló ni ín, Świecie sì ni wọ́n ń pe Schwetz. Mo kọ orúkọ méjèèjì, mo sì kọjá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì yẹn gbọ́ dáadáa ni ti ilé ẹ̀kọ́. Títí di 1908, yunifásítì Prussia kì í gba obìnrin wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Bieber ń lọ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ ní Berlin bí àlejò, ó sì lọ sí Bonn lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n awalẹ̀pìtàn kan, Georg Loeschcke. Ní 1907, ọdún kan kí òfin náà tó yí padà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Òkúta kan tó wà ní ìlú Dresden ní Jámánì, tí wọ́n gbẹ́ òṣèré sí, ló kọ̀wé lé lórí, ó fi ń wádìí aṣọ tí àwọn òṣèré ń wọ̀. Ní 1909, Ilé Ẹ̀kọ́ Ìwalẹ̀pìtàn ti Jámánì fún un ní owó ìrìn àjò ìwádìí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní owó náà.

Mo kó gbogbo èyí jọ, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. “Ọ̀rẹ́ mi, ọdún ni mò ń kà ṣáá o. N kò tíì rí obìnrin náà.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé òótọ́ ni. Mo padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1928 lórí aṣọ àwọn Gíríìsì, kò fi mọ sórí ère nìkan. Ó fi aṣọ wọ ènìyàn alààyè, ó ya wọ́n ní fọ́tò, ó wá ń fi wọ́n wé ère. Nígbà tí mo rí èyí, mo gbé bírò sílẹ̀, mo pe àbúrò mi obìnrin wá sí pálọ̀.

Pẹ́plọ́sì la fẹ́ dán wò, aṣọ àwọn obìnrin Gíríìsì tó wúwo tó sì rọrùn jù lọ láti wọ̀. Ìrun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún. N kò ní irú rẹ̀ nílé. Mo gbé aṣọ òfì jáde, kò ṣẹ́po rárá. Àǹkárá tuntun le gbagidi. Aṣọ ibùsùn ńlá kan tí fífọ̀ ti sọ di rírọ̀ ló ṣiṣẹ́ fún wa. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a ṣẹ́ etí rẹ̀ tòkè wálẹ̀ tó ìwọ̀n apá kan. Lẹ́yìn náà, a pa á po sí méjì, àbúrò mi bọ́ sáàárín rẹ̀, mo fi píìnì so iwájú mọ́ ẹ̀yìn ní èjìká ọ̀tún, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti òsì. A fi ọ̀já di ìbàdí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún là sílẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó parí. A kò gé e, abẹ́rẹ́ kò sì kàn án.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí? Ẹ má fà á mọ́ o, píìnì yẹn fẹ́ gún mi.”

Mo ní kó dúró, kó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ òsì, kó tẹ orúnkún ọ̀tún síwájú díẹ̀. Aṣọ tó bo ẹsẹ̀ òsì já sílẹ̀ ní gbọọrọ, ìṣẹ́po rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára òpó tẹ́ńpìlì. Lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, aṣọ náà lẹ̀ mọ́ orúnkún, ó sì dán. Ère tí mo ti ń wò nínú ìwé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dúró sí pálọ̀ mi yìí. Ó gbé apá sókè, iwájú aṣọ náà sì ká lọ sókè pẹ̀lú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń wò ó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ti kà tí kò yé mi ti wá yé mi. Púpọ̀ nínú ère Gíríìsì tó kù lónìí, àwọn ará Róòmù ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bieber sọ pé aṣọ ni èèyàn lè fi dá ẹ̀dà mọ̀: àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà kò wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n a gbẹ́ ìṣẹ́po síbi tí aṣọ kò lè ṣẹ́po sí, tàbí kí etí aṣọ bẹ̀rẹ̀ níbì kan kó má parí síbì kankan. Ẹni tó bá ti ró aṣọ rí ló máa rí àṣìṣe yẹn. Ní tèmi, ọmọ ẹni tó ń ró ìró lójoojúmọ́, mo rò pé kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó yé mi.

Mo tún ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ ṣáájú. Ìyókù wá ń wá fúnra rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ère mùsíọ́mù ìlú Kassel ní Jámánì, tó jáde ní 1915, mo fi gbólóhùn kan kárí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ń bá Loeschcke kọ́ni ní Berlin. Loeschcke kú, ẹni tó gba ipò rẹ̀ sì ní obìnrin kò gbọdọ̀ kọ́ni níbẹ̀. Bieber kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ara rẹ̀, ó ń kọ́ wọn nìṣó. Erwin Panofsky, tó padà di gbajúmọ̀ onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, wà lára wọn. Ní 1919, yunifásítì Giessen fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ni, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1923.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ abala 1933. Ìjọba Nasi ti Hitler gbé òfin tó ń lé Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba jáde ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn torí pé Júù ni. Ó ti di Kristẹni tipẹ́, àmọ́ ìran ni òfin náà ń wò. Ẹni ọdún 53 ni. Inú bí mi débi pé àkọsílẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kún fún èébú. Mo pa á rẹ́, mo kọ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: ó mú ọmọbìnrin tó gbà tọ́ dání, ó lọ sí Oxford, ó sì sọdá sí Amẹ́ríkà ní 1934. Ó kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Barnard àti yunifásítì Columbia ní New York, ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì ní 1948. Ìwé rẹ̀ ńlá lórí ibi ìṣeré àwọn Gíríìsì àti Róòmù jáde ní Amẹ́ríkà ní 1939. Èyí tó kọ lórí àwọn ẹ̀dà ère jáde ní 1977, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 97. Ó kú ní oṣù Kejì 1978, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà.

Mo ka èyí tí mo kọ tán fún àbúrò mi. Ó ní òun yóò bá wọn wọ aṣọ náà ní kíláàsì bí wọ́n bá fẹ́. A ká aṣọ ibùsùn náà, a fi píìnì méjèèjì há a létí, mo sì kó o sínú àpò kan náà pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.