Owó tó wà nínú kéèsì kì í ṣe èrè: àṣìṣe tí àwa ọ̀gá tí ò kọ́ ìṣirò owó máa ń ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ láìkọ́ ìṣirò owó rárá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà tà, tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn, ṣùgbọ́n tí comptable, ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó, bá gbé ìwé dé, ibi tẹ́ ẹ máa sáìnì sí nìkan lẹ̀ ń wá. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí, mo sì mọ ohun tó kó bá mi.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ń bójú tó dẹ́pò kan tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ní Àjàṣẹ́ níbí, oṣù parí, mo yẹ báǹkì wò, mo rí 2,300,000 sẹ́fà. Inú mi dùn gan-an ni, mo lọ bá bàbá tó ni dẹ́pò, mo ní bàbá, a ti jèrè o, ẹ jẹ́ ká ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìṣirò fún wa ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, owó yìí kì í ṣe tiwa." Ló bá ń kà á fún mi. 900,000 jẹ́ àsansílẹ̀ oníbàárà kan tá ò tíì kó ẹrù fún, 360,000 jẹ́ TVA, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà, tó yẹ ká san fún ìjọba, 1,250,000 sì jẹ́ owó sìmẹ́ńtì tá a gbà láwìn. Ẹ rò ó pọ̀, 2,510,000 ni. Ìyẹn ni pé tá a bá san gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó máa ku 210,000 tá a máa wá kiri. Kì í ṣe pé a ò jèrè rárá o, ẹrù wà nílẹ̀, àwọn èèyàn náà jẹ wá lówó, ṣùgbọ́n iye tó wà ní báǹkì ò lè sọ ìyẹn fún èèyàn.

Torí náà, ẹ má fi owó tẹ́ ẹ rí lójú díwọ̀n èrè.

Ọ̀rọ̀ TVA yìí náà, tí ilé iṣẹ́ yín bá wà lára àwọn tó ń gbà á, ẹ fetí sílẹ̀. 18% ni ní Bẹ̀nẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta ọjà 1,000,000, oníbàárà máa san 1,180,000, 180,000 yẹn kò fìgbà kan jẹ́ tiyín, ẹ kàn ń bá ìjọba gbà á ni, ẹ máa yọ TVA tẹ́yin náà san lórí ọjà tẹ́ ẹ rà, ẹ ó sì san ìyókù. Ẹ má sì ṣírò 18% lórí 1,180,000, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á rí 212,400, kò tọ̀nà. Ẹ pín 1,180,000 sí 1.18 kẹ́ ẹ tó mọ iye ọjà gan-an.

Èyí tó ń pa dẹ́pò jù lójú tèmi ni ẹ̀dínwó. Ẹ ra nǹkan 4,000, ẹ fi 25% lé e, ẹ tà á 5,000, ẹ wá ń sọ pé èrè yín lórí ọjà jẹ́ 25%. Rárá o! 1,000 nínú 5,000, 20% ni. Tí oníbàárà bá wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yọ 20% fún òun, tẹ́ ẹ sì rò pé 5% ṣì kù, ẹ ti tà á ní iye tẹ́ ẹ rà á, owó ọkọ̀ àti owó àwọn tó já ẹrù ti wọgbó.

Ẹ tún wo èyí. Ká ní owó ilé, iná, owó oṣù àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa san yálà ọjà tà tàbí kò tà jẹ́ 450,000 lóṣù, tẹ́ ẹ sì ń jẹ 300 lórí àpò kan, 1,500 àpò lẹ gbọ́dọ̀ tà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Tẹ́ ẹ bá yọ 100 péré lórí àpò, ó di 2,250. Ọgọ́rùn-ún sẹ́fà péré ló mú 750 àpò wá yẹn o. (Lórí owó oṣù, ẹ rántí pé yàtọ̀ sí 3.6% tẹ́ ẹ ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún CNSS, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà ní tirẹ̀ láti san.)

Wàyí o, ìwé ìṣirò fúnra ẹ̀. Ẹ má sá fún un. Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù nínú OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń lo òfin ìṣòwò kan náà, 17 ni gbogbo wa, ìlànà ìṣirò owó kan náà la ń lò, SYSCOHADA, èyí tí wọ́n tún ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018. Nọ́ńbà tó ṣáájú nínú àkáǹtì ló ń sọ ohun tó jẹ́ fún yín. 6 ni ìnáwó. 7 ni owó tí iṣẹ́ mú wá. 5 ni báǹkì àti kéèsì. 4 ni àwọn tó jẹ wá àtàwọn tá a jẹ, 41 fún oníbàárà, 40 fún àwọn tó ń kó ọjà fún wa, 44 fún ìjọba. 3 ni ọjà tó wà nílẹ̀, 2 ni ohun ìní tó máa pẹ́ lọ́wọ́ wa, 1 ni ojú owó àti gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ máa rí ìdí tí ilé iṣẹ́ kan fi lè jèrè lórí ìwé kó má sì rí owó oṣù san. Ẹ yá 5,000,000 ní báǹkì, inú 1 ló lọ, kì í ṣe 7, kò sí èrè níbẹ̀. Ẹ ra ọkọ̀ 6,000,000, inú 2 ló lọ, tó bá máa lo ọdún 5, 1,200,000 ló ń wọ 6 lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ti jáde tán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á. Tẹ́ ẹ bá sì ń san gbèsè padà, èlé nìkan ló ń wọ 6, ìyókù ń jáde ní báǹkì láìkan èrè rárá.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ mọ̀ pé àsìkò kájú lowó máa ń wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, àwìn ló kù láàárín ọdún. Ẹ má kọ títà láwìn oṣù Bélú bíi pé owó ti wọlé, ẹ ya bébà kan, oṣù lóṣù, owó tá a bá nílẹ̀, èyí tó máa wọlé lóòótọ́, èyí tó máa jáde. Ẹ̀yin ará Kétu tí oníbàárà ń wá bá yín láti ìhà Ìmẹ̀kọ, ẹ má kọ àwìn sílẹ̀ ní náírà. Sẹ́fà so mọ́ euro, 655.957 sí ẹyọ kan, náírà ò so mọ́ ọn, ní oṣù Òkúdù ọdún 2023 tí báǹkì àgbà Nàìjíríà tú okùn ẹ̀ sílẹ̀, ó já wálẹ̀ gan-an, ẹni tí àwìn ẹ̀ wà ní náírà nígbà yẹn pàdánù láìṣẹ̀. Sẹ́fà ni kẹ́ ẹ kọ sí rìsíìtì, kí wọ́n fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án ṣẹ́ ẹ.

Èyí tó kù ni ìtìjú. A ń tijú láti bi comptable léèrè torí pé àwa lọ̀gá. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ fún àbúrò yẹn pé kó jókòó tì mí fún wákàtí kan, 41 nìkan la sì mú lọ́jọ́ yẹn, orúkọ kọ̀ọ̀kan, iye kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n ti jẹ. Orúkọ kẹta lórí ìwé jẹ́ ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ti jẹ wá fún oṣù 14, tí mo ṣì ń kó ẹrù fún láwìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi pè é.