Coupe tàbí convertible: àṣìṣe tí àwọn èèyàn ń ṣe ní Ìlọrin kí wọ́n tó sanwó mọ́tò

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé mọ́tò eré onílẹ̀kùn méjì lòun fẹ́ rà, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé níbo ni mọ́tò náà yóò máa sùn? Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ bá a wá yàrá ni. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè yìí ló máa ń sọ èyí tó yẹ kéèyàn mú nínú coupe àti convertible. Ó ju bí mọ́tò ṣe rẹwà tó lọ, ó sì ju bó ṣe ń sáré tó lọ.

Coupe ni èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n jó mọ́ ara mọ́tò. Convertible ni èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn, yálà kanfáàsì ni o, yálà irin tó ń ṣẹ́ po wọ inú búùtù. Lójú ẹni tó ń rà á, òrùlé nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Lójú mẹkáníìkì àti rẹwáyà tí yóò máa bá a yí i, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ríra convertible láìní ibi tí yóò máa sùn

Èyí ló ń jẹ owó àwọn èèyàn jù, nítorí náà màá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀pọ̀ ilé ní Tánkẹ́ tàbí Fátẹ̀: ọgbà wà, géètì wà, àmọ́ ìta gbangba ni gbogbo mọ́tò ń sùn. Bí ibòji bá wà rárá, ti igi máńgòrò tàbí dóńgóyárò ni. Ibòji igi yìí gan-an ló ń ba convertible jẹ́.

Níbi tí òrùlé kanfáàsì ń ká sí lẹ́yìn, gọ́tà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gba omi òjò. Omi á ti ibẹ̀ wọ inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, á jáde sílẹ̀ lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn. Ẹnu rọ́bà náà kò fẹ̀ rárá. Nígbà ọyẹ́, eruku á wọ inú rẹ̀, ewé dóńgóyárò wẹ́wẹ́ á bọ́ lé e, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, gbogbo rẹ̀ á di ẹrẹ̀, ẹnu rọ́bà á dí pa. Omi tí kò rọ́nà jáde, inú mọ́tò ló máa yà sí.

Ibi tó ń yà sí ló wá burú. Nínú BMW Z4 àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe láàrin 2002 sí 2008, ìsàlẹ̀ kòtò tí òrùlé ń ká sí ni wọ́n gbé pọ́ọ̀mpù tó ń ṣí òrùlé sí. Rọ́bà á dí, omi á kún, pọ́ọ̀mpù á mu omi yó, òrùlé ò sì ní gbéra mọ́. Kí ọwọ́ tó tó pọ́ọ̀mpù náà, wọ́n á tú ohun tó pọ̀. Nínú Porsche Boxster àkọ́kọ́, abẹ́ ìjókòó ni àpótí tó ń darí kọ́kọ́rọ́ àti aláàmù wà. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ti rin gbìndìn, mọ́tò lè má dá kọ́kọ́rọ́ lóhùn mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ewé ló dí ihò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ra píọ̀ wọ́tà méjì. Ẹ ká òrùlé náà dé ìdajì, ẹ wá ihò tó wà ní igun méjèèjì lẹ́yìn ìjókòó, ẹ já ọ̀rá náà ní orí, kí ẹ máa rọ omi síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnìkejì yín bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, kó máa wò ó. Bí omi bá ń ṣàn jáde geere, ó dáa. Bó bá wọlé tí kò jáde, ẹ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orí rẹ̀ o, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ fóòmù tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ń tà á mọ bí wọ́n ṣe ń sá kápẹ́ẹ̀tì sóòrùn. Fóòmù kì í tètè gbẹ, òórùn rẹ̀ á sì tú àṣírí.

Ẹni tó ti ra tirẹ̀, kó má fi wáyà irin gún rọ́bà yẹn, á lu jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ fọkanáísà náà kò dáa fún un, nítorí ó lè já rọ́bà kúrò níbi tó so mọ́ nínú, ibẹ̀ sì ni wàhálà tuntun máa ti bẹ̀rẹ̀. Okùn ọ̀rá tó rọ̀ ni kí ẹ máa tì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi omi tẹ̀ lé e. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ olómi líle wọn kúrò lórí kanfáàsì, nítorí ojú rírán ló máa ń kọ́kọ́ tú.

Oòrùn wa náà ní tirẹ̀. BMW Z3, Mazda MX-5 àkọ́kọ́ àti Boxster àkọ́kọ́ títí dé 2002, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe wíńdò ẹ̀yìn wọn, kì í ṣe gíláàsì. Bó bá ti sùn sínú oòrùn pẹ́, á pọ́n, á ṣú, lẹ́yìn náà á ya níbi tó ti ń ká. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n á fi ọṣẹ eyín fọ̀ ọ́ tí á fi mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá ní ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù, tí ẹ ò sì ṣetán láti kọ́ ọ, coupe ni kí ẹ rà. Àmọ́ bí coupe náà bá ní sunroof, ìyẹn fèrèsé tó ń ṣí lórí òrùlé, òun náà ní rọ́bà omi tirẹ̀ ní àwọn igun. Ẹ da píọ̀ wọ́tà síbẹ̀ pẹ̀lú.

Wíwò ó nígbà tí wọ́n ti ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀

Àwọn tó ń ta mọ́tò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ ó débẹ̀, òrùlé á ti ká wọlẹ̀, ìjókòó pupa á máa dán nínú oòrùn, ọkàn yín á fà sí i. Kanfáàsì tó ti ya kì í hàn bó bá ká. Òrùlé tí kò lè padà sókè mọ́ kì í hàn. Ẹlòmíràn á tì í pa, á ní bátìrì ló rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ ná, ẹ ó rí i pé á ṣiṣẹ́ nílé. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tì í, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lójú yín. Bí òrùlé bá dúró ní ìdajì ọ̀nà, tàbí tí ẹnìkan ń fọwọ́ tì í lẹ́yìn, iye tí wọ́n pè é kọ́ niye rẹ̀.

Ẹ wo aṣọ tó tẹ́ inú òrùlé lókè dígí iwájú bóyá epo ti kán sí i. Epo háídírọ́líìkì ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn òrùlé wọ̀nyí. Jaguar XK8 lókìkí fún èyí: páìpù rẹ̀ á jò lókè, epo aláwọ̀ ewé á sì máa kán sórí awakọ̀. Ẹ ro ti ẹni tó wọ àgbádá funfun lọ kí Jímọ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, kí wọ́n má bàa fi gbà yín lówó. Nínú búùtù ọ̀pọ̀ convertible, pátákó tàbí aṣọ kan wà tó ń pààlà sí ibi tí òrùlé máa wọ̀. Bí wọn ò bá fà á bọ́ sí àyè rẹ̀, òrùlé kò ní mira, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Mercedes SLK àti BMW Z4 méjèèjì ní irú rẹ̀. Ẹ fà á kẹ́ẹ tó gbà pé kí rẹwáyà tú ohunkóhun.

Ẹ béèrè ti ẹrù náà. Z4 olórùlé irin tó jáde ní 2009, búùtù rẹ̀ ń gba lítà 310 bí òrùlé bá wà lókè. Bó bá ká wọlé, ó ku 180. Ẹni tó ń lọ kí màmá rẹ̀ ní Ọ̀ffà, tí kì í ṣe òfo ni yóò fi padà, á mọ̀ pé iṣu mélòó kan lásán ti kún ibẹ̀.

Gbígbà pé coupe tí wọ́n gé lórí ni convertible

Òrùlé wà lára ohun tó di mọ́tò mú. Bí ilé iṣẹ́ bá yọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin kún abẹ́ mọ́tò, kún ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, kún òpó dígí iwájú. Ó wà lára ìdí tí BMW 3 Series convertible ti 2007 sí 2013 fi wúwo ju coupe ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní bíi 200 kílò. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ẹrù ọ̀tọ̀ ló ń gbé. Ẹni tó bá ń wá eré àti ìdúróṣinṣin lójú kọ́nà, coupe ló ń wá, kó má tan ara rẹ̀ jẹ.

Nítorí náà ẹ má ṣe yẹ convertible wò lójú títì GRA nìkan, níbi tó tẹ́jú. Ẹ gbé e gba ibi tí ọ̀dà ti ṣí, irú èyí tí ẹ ó bá pàdé bí ẹ bá ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán. Ẹ wo dígí àwòwẹ̀yìn: bó bá ń gbọ̀n tí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn ò hàn mọ́, ara mọ́tò náà ti rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè níbi tí ìwé mọ́tò ní kí ẹ gbé e sí, kí ẹ ṣí ìlẹ̀kùn, kí ẹ tún tì í. Bó bá há, ìpẹtà ti jẹ irin ìsàlẹ̀. Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, iyọ̀ yìí sì ti jẹ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹni tó bá wá ra coupe kó lè gbé e fún pánẹ́lì bítà pé kó gé orí rẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, ìyẹn ti kọjá àṣìṣe. Ìlẹ̀kùn kì í pẹ́ kó tó kọ̀ láti bọ́ sí àyè rẹ̀, bí ìjàǹbá bá sì dé, kò sí ohun tó máa gba ẹnikẹ́ni dúró.

Èyí kò túmọ̀ sí pé convertible tí ilé iṣẹ́ ṣe kò ní ààbò o. Láti 1989 ni Mercedes SL ti ní irin tó ń fò sókè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn orí bí mọ́tò bá fẹ́ dojú dé. Ohun tí ẹ máa wò ni iná ìkìlọ̀ rẹ̀ ní dáṣíbọ́ọ̀dù: ó yẹ kó tàn bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun

Ìyókù kúrú. MX-5 tí ẹ rí lórí fóònù ní owó táṣẹ́rẹ́, Ìlú Ọba tàbí Japan ló wà, ọ̀tún ni sitẹrin rẹ̀ sì wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì nílẹ̀ yìí, kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì fàyè gba mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá ẹni tó ní àwọn á yí sitẹrin náà lóhùn.

Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ jáde dé òpin. Àwọn tó ń fọ mọ́tò tó ti rì sínú omi kì í sábà rántí ibẹ̀, ẹ ó rí ìlà ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní 2017, ìgboro Texas kún fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ra coupe, tí wọ́n rò pé wọ́n ti bọ́

Ìlẹ̀kùn coupe gùn. Nítòsí Ọjà Ọba tàbí Ìpàtà, níbi tí mọ́tò ti ń fẹnu kora, ẹ ó gúnlẹ̀ tán, ẹ ò ní rí àyè ṣí ìlẹ̀kùn jáde. Gíláàsì ìlẹ̀kùn púpọ̀ nínú wọn kò ní férémù: bí ẹ bá fa ìlẹ̀kùn, gíláàsì á rọra sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣí. Bí bátìrì bá kú, kò ní sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá wá fi tipátipá gbá a pa á fọ́ rọ́bà rẹ̀ tàbí gíláàsì fúnra rẹ̀, òjò á sì máa bá a wọlé gẹ́gẹ́ bí ti convertible.

Ti ẹ̀yà ara mọ́tò ló wá ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Honda Accord onílẹ̀kùn méjì àti Toyota Solara, mẹkáníìkì wa mọ ẹ́ńjìnnì wọn dáadáa, nítorí ti Accord àti Camry ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fún ẹni tó ń ra tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ìlẹ̀kùn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́, iná ẹ̀yìn àti búùtù kì í ṣe ti onílẹ̀kùn mẹ́rin. Bí ọlọ́kadà kan bá gbá ìlẹ̀kùn yín ní Géri Àlímì, Ládípọ̀ ní Èkó ni wọ́n máa rán yín lọ, ìlẹ̀kùn tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, àwọ̀ mìíràn ni yóò ní. Ẹ wo ara rẹ̀ fínnífínní kẹ́ẹ tó rà á, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé àlàfo tó yí ìlẹ̀kùn ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ lókè tó sì fún nísàlẹ̀, wọ́n ti gbá a rí, ẹ já owó ìlẹ̀kùn kan kúrò nínú iye tí wọ́n pè.