Iye tí wọ́n pè é kọ́ ni iye tí wọ́n rà á

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń kó káàdì eléré ìdárayá jọ ní Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ tó sọ pé káàdì Hakeem Olajuwon yín ti 1986 ti di owó ńlá, ẹ lọ sórí eBay, kẹ́ ẹ tẹ Sold Items (àwọn ọjà tí wọ́n ti tà). Ẹnikẹ́ni ló lè pe tiẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹni tó sanwó gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ sì wo máàkì tí PSA, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, fún un. 10 àti 8 kì í ṣẹgbẹ́ ara wọn rárá: igun tó bó díẹ̀, àwòrán tí kò bọ́ sáàárín, owó ti dínkù nìyẹn.

Ẹ wá yọ owó tí eBay máa gé, ti PSA, àti ti ìfiránṣẹ́. Páálí káàdì tẹ́ ẹ rà, tẹ́ ẹ já, tẹ́ ẹ ò bá nǹkan gidi nínú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ mọ́ ìnáwó (ìyàwó ilé ti ń ṣírò ẹ̀ tipẹ́). Lójú tèmi, fàájì ni páálí jíjá, kì í ṣòwò. Tó bá jẹ́ káàdì Giannis Antetokounmpo, eléré basketball, lẹ fẹ́, ẹ kúkú ra ti Prizm (orúkọ irú káàdì kan) ti 2013 ní ẹyọ kan.

Káàdì baseball ìgbà 1987 sí 1993 ńkọ́? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní àtẹ̀jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tó owó tẹ́ ẹ máa fi fi í ránṣẹ́.