Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ aládìrẹ, ẹ bi ọ̀gá yín báyìí

Ẹ̀yin ará wa tó ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa bi ọ̀gá yín pé, "Ṣé aró yìí ti dáa?" "Ó ti dáa" lẹ máa gbọ́, ọ̀rọ̀ sì ti parí nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé ó ti dáa?" Ìgbà yẹn ni wọ́n á pè yín sídìí ìkòkò: aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró máa ń ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń ba aró jẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ lọ o.