Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé àti Ojúṣe Rẹ̀

"Bí o bá fẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ, kọ́kọ́ ṣe ojúṣe rẹ." Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ó dùn ún gbọ́ létí, ó sì jọ ẹ̀kọ́ ilé. Inú rẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó burú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ wo ọmọ ọdún 8 tí wọ́n ní kó fọ abọ́, tí eré gbà á lọ́kàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá dé, ó bá abọ́ nílẹ̀, ó ní, "O ò ní jẹun lálẹ́ yìí." Ọmọ sun ẹkún, ó sì sùn lébi. Kò kọ́ abọ́ fífọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó kọ́ ni pé ẹni tó bá jù ú lọ lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe owó ọ̀yà tí a ń san fún ẹni tó bá parí iṣẹ́. Oúnjẹ, ìtọ́jú nígbà àìsàn, ẹ̀kọ́, ààbò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é ní jàǹbá: ọmọ tó ń gbọ́ràn ló ni ín, olóríkunkun náà ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó jẹun, lẹ́yìn náà kó fọ abọ́ náà mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹun. Ojúṣe rẹ̀ kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ebi kò sì pa á.

Ìwé Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1989 ní abala 54. Kò síbi tó ti ní kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan kó tó lẹ́tọ̀ọ́. Ìjọba àti òbí ló di ẹrù lé lórí. Ìwé àdéhùn ti ilẹ̀ Áfíríkà, ti ọdún 1990, ló ya abala 31 sọ́tọ̀ fún ojúṣe ọmọ: kó ṣe ohun tí yóò mú kí ẹbí wà níṣọ̀kan, kó bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà, kó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa ka abala yìí sí ọmọ létí sábà máa ń fo ohun tó wà níwájú rẹ̀, pé bí ọjọ́ orí àti agbára ọmọ náà bá ṣe tó ni.

Fífò yẹn ló ń bí àṣìṣe kejì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ọmọ ọdún 4 lè kó ohun ìṣeré rẹ̀ jọ. Ọmọ ọdún 10 lè bá wọn wo àbúrò nígbà tí àgbà wà nítòsí. Àmọ́ bí ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí bá di ìyá ilé, tó ń sun oorun ní kíláàsì nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣeré, ìrẹ́jẹ ni, ẹ má pè é ní ojúṣe. Abala 32 ìwé ti ọdún 1989 tako iṣẹ́ tó bá ń dí ẹ̀kọ́ tàbí ìlera ọmọ lọ́wọ́.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti "Pa ẹnu rẹ mọ́, ọ̀rọ̀ àgbà ni." Abala 12 ìwé ti ọdún 1989 yẹn sọ pé ọmọ tó bá lè ní èrò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ lórí ohun tó bá kàn án, kí a sì ka èrò náà sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Kò ní kí ọmọ máa pàṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ bi í léèrè, ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Bí ẹ kò bá lè ṣe ohun tó fẹ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Òun náà ní tirẹ̀ láti ṣe níbẹ̀: kó sọ òtítọ́, kó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ láti máa dákẹ́ yóò dákẹ́ náà lọ́jọ́ tí àgbàlagbà kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ.

Ẹ má sì gbé fọ́tò ọmọ tó ń sunkún tàbí tó wà níhòòhò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abala 16 ìwé kan náà dáàbò bo àṣírí rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò. Wọ́n á ní fóònù tuntun jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ ṣàlàyé pé ohun tó wu ni yàtọ̀ sí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi du ni. Ojúṣe tó sún mọ́ ẹ̀tọ́ jù ni èyí tí ọmọ ní sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń fi akólòlò inú kíláàsì wọn ṣe yẹ̀yẹ́ débi tí ìyẹn kò fi lè dáhùn ìbéèrè mọ́, ó ti ń gba ẹ̀kọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ mú un lọ bẹ̀ ẹ́, níṣojú àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ má nà án, ẹ má sì bú u níbẹ̀.