Wọ́n ní káàdì Wi-Fi mi ti jóná, ìdáhùn ẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ látọjọ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Wi-Fi láptọ́ọ̀pù mi ò yọjú mọ́ lẹ́yìn tí mo fi Ubuntu 22.04, ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i, mo gbé e lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ẹni tó ń tún un ṣe tú ẹ̀yìn ẹ̀, ó wò ó fìrí, ó ní, "Brọ̀dá mi, káàdì yín ti jóná, ẹ lọ ra èyí tí wọ́n ń kì bọ USB." Káàdì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Windows! Mo sanwó iṣẹ́, mo tún sanwó USB.

Mo bá fi wáyà so fóònù mọ́ ọn kí n lè rí dátà lò, mo ṣí Terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ "lspci -nn" tó ń to àwọn káàdì inú ẹ̀, ó gbé BCM43142, orúkọ káàdì Wi-Fi mi, jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀, 14e4:4365. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo kó sínú Google, kì í ṣe "Wi-Fi mi ò ṣiṣẹ́" tí gbogbo ayé ń tẹ̀. Àwọn èèyàn ti béèrè ẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti dá wọn lóhùn: "sudo apt install bcmwl-kernel-source", òun ló ń fi dráífà káàdì náà sí i, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì.

Mo fi sí i, Wi-Fi ò tún yọjú. Ibi tó fìyà jẹ mí jù nìyí. Mo tẹ "sudo modprobe wl" kí dráífà yẹn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní "Key was rejected by service". Mo tún wá ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí ohun tí kò ní ìbuwọ́lù tó mọ̀ ṣiṣẹ́, ló ń dí dráífà lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn ní kí n lọ pa á nínú BIOS, ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà, mi ò gbà, ààbò kọ̀ǹpútà mi ni, mo ń kà lọ sísàlẹ̀ títí mo fi rí ẹnì kan tó ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa: ẹ tẹ "sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der" kí kọ̀ǹpútà lè gba MOK, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi buwọ́ lu dráífà, ẹ fún un ní password tẹ́ ẹ máa rántí, ẹ pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún un tàn. Ojú blúù kan máa jáde, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló fún yín, tẹ́ ẹ ò bá tẹ nǹkan kan ó máa kọjá lọ ni, kò ní sọ nǹkan kan fún yín! Ẹ yan Enroll MOK, Continue, Yes, ẹ tẹ password yẹn. Wi-Fi ilé wa jáde. Èmi ni mo ṣe é o, kì í ṣe ẹnjiníà kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ké gbàjarè, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà káàdì yín àti ohun tí error yẹn sọ gan-an, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ìdáhùn, ẹ má dúró síbi àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ ti gbìyànjú, èmi fúnra mi á dá yín lóhùn.